Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni kí n fi sábẹ́ tírélà tá a fi ń lọ sùn níta?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Houston la wà, a fẹ́ fa tírélà kékeré wa lọ sí Big Bend, ọgbà ìjọba tó wà nínú aṣálẹ̀ ní Texas, ní November, ọ̀nà Old Ore Road yẹn, òkúta lásán ni. Tó bá ti ru omi àti ẹrù, ó tó 2,200 páùn. Leaf spring (àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra) tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti le jù, ìgbà tá a gbé e jáde kẹ́yìn gbogbo ẹyin inú kúlà ló fọ́, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan sì já bọ́ sílẹ̀. Mo ti dín afẹ́fẹ́ táyà kù sí 20 psi, ó rọ̀ díẹ̀, kò tó.

Mo wo torsion axle (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, tó ń fi rọ́bà inú ẹ̀ gba jìgìjìgì dípò spring), kò ní wàhálà gíríìsì, àmọ́ tí rọ́bà inú ẹ̀ bá ti kú, odidi axle lèèyàn máa pààrọ̀. Èyí tí táyà kọ̀ọ̀kan ti ń dá gbéra, tó ní coil (spring tó ká róbótó) àti ṣọ́kì, ló wù mí jù, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ wọ́n, mi ò sì fẹ́ kí ìyàwó àtàwọn ọmọ mi há sínú aṣálẹ̀ tí fóònù kì í ṣiṣẹ́ torí pé nǹkan kán tí a ò rí irú ẹ̀ rà nítòsí.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n ra oní-coil yẹn ni, àbí kí n kàn wá leaf spring tó rọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ kí n sì fi ṣọ́kì kún un?

Ẹ má bínú pé ó gùn o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dáhùn.