Mercedes-Benz 600 tó ti pẹ́ ní gáréèjì n'Ífẹ̀: ṣé ká yọ páìpù ọ́ìlì rẹ̀?

Ọmọ Ìrẹmọ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́kọ̀. Mercedes-Benz 600 ọdún 1971 wà ní gáréèjì ilé wa n'Ífẹ̀, wọn ò tan án fún ọdún 11. Ọ́ìlì ló ń gbé gíláàsì, ìjókòó àti ọmọrí búùtù. Rewáyà ní ká já páìpù wọ̀nyẹn dànù, ká fi mọ́tò wíńdò tòkunbọ̀ rọ́pò. Ṣé ká gbà?

Mẹkáníìkì Ṣábó: Ẹ má gbà rárá, ẹ jọ̀ọ́. 2,677 péré ni wọ́n ṣe láàárín 1963 sí 1981. Pọ́ǹpù kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń ti ọ́ìlì náà, agbára rẹ̀ tó 150 bar. Bẹ́ ẹ bá já ti gíláàsì, ìjókòó àti búùtù ṣì ń retí ọ́ìlì kan náà.

Ohun tó ń ba á jẹ́ ni síìlì rọ́bà tó ti gbẹ. Bó bá ń jò, páálí ni kẹ́ ẹ fi wá ojú ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ wá a láé. Ọ́ìlì yẹn lè gún awọ ara wọlé, ojú rẹ̀ á dà bí ojú abẹ́rẹ́ lásán. Ẹ má dúró wò ó o! Ilé ìwòsàn OAUTHC lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sọ fún dókítà pé ọ́ìlì ló wọlé. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan bọ́tìnnì gíláàsì, torí kì í dúró bó bá pàdé ìka.

Alàgbà Ìlódè: Kẹ́ ẹ tó tan án, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ bu ẹ́ńjìn ọ́ìlì ṣíbí kékeré kọ̀ọ̀kan sí ihò wọn, kó sùn mọ́jú. Sípánà ni kẹ́ ẹ fi yí ẹ́ńjìnnì, yípo méjì. Bó bá há, ẹ má fipá mú un. Ẹ fa epo àtijọ́ kúrò nínú táǹkì, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ń há pọ́ǹpù ínjẹ́ṣọ̀n, ìyẹn èyí tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Ẹ pààrọ̀ gbogbo hóòsì rọ́bà epo.

Afẹ́fẹ́ ló gbé ọkọ̀ náà dúró, kì í ṣe sípíríǹgì. Ó lè jókòó lójijì, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ láìsí sítáǹdì irin mẹ́rin. Omi ọṣẹ lẹ máa fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń sá.

Ọmọ Ìrẹmọ: Ẹ ṣeun gan-an, sà. Rewáyà ti bu ọ́ìlì búréèkì bí ìdajì lítà sínú agolo ọ́ìlì gíláàsì lánàá.

Mẹkáníìkì Ṣábó: Háà! Ẹ yọ wáyà bátìrì báyìí, kí ẹnikẹ́ni má baà tan án. Ọ́ìlì búréèkì ń mú síìlì yẹn wú, kì í sì í pò mọ́ ọ́ìlì tó wà níbẹ̀. Ó máa rì sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fà á. Ẹ fi sírínjì ńlá fa gbogbo rẹ̀ jáde, ẹ tú agolo náà, ẹ fi ọ́ìlì tuntun tó jẹ́ ti hàídíròlíìkì Mercedes (irú èyí tó ń gbé gíláàsì) ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi epo bẹntiróò ṣan án. Ẹ tú hóòsì tó lọ sí pọ́ǹpù pẹ̀lú, kẹ́ ẹ wo ohun tó bá kán sórí ìwé funfun. Bẹ́ ẹ bá rí oríṣi méjì tó yà sọ́tọ̀, ó ti wọ pọ́ǹpù nìyẹn, a máa tú u.