Kúbùsù àjákù àǹkárá: búlọ́ọ̀kù ò dọ́gba, ojú ìsopọ̀ sì le bí okùn

AránṣọTáákíè (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà aránṣọ. Kúbùsù alájàápọ̀ ni mo ń rán, irú èyí tí a máa ń rán búlọ́ọ̀kù rẹ̀ parí lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú, fíbà (òwú rírọ̀ àárín) àti aṣọ ẹ̀yìn, kí a tó so wọ́n pọ̀. Ọrùn máṣínnì ilé kéré, odindi kúbùsù ò lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. (Búlọ́ọ̀kù aṣọ ni mo wí o, kì í ṣe ti bíríkìlà.) Máṣínnì dúdú ẹlẹ́sẹ̀ ni, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Búlọ́ọ̀kù 20 ni mo fẹ́ ṣe fún bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ sí mẹ́fà.

Mẹ́fà ti parí. Ínǹṣì 12½ ni mo gé gbogbo wọn, àmọ́ lẹ́yìn tí mo rán ìlà tó ń de ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sí wọn lára, òmíràn di 12¼, òmíràn 12⅛. Aṣọ ẹ̀yìn ń kó jọ. Mo wá kojú méjì síra, mo rán an bí a ṣe ń rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ: ojú ìsopọ̀ le bí okùn, níbi tí igun mẹ́rin sì ti pàdé, abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́. Ṣé kí n gé fíbà kúrò létí ni, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

OnímáṣínnìAkẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má gé búlọ́ọ̀kù sí ìwọ̀n kí ẹ tó rán ìlà sí i. Gbogbo ìlà tó bá gba orí fíbà kọjá ló ń fa aṣọ sínú díẹ̀. Èyí tí ìlà rẹ̀ pọ̀ á fà jù, èyí tí tirẹ̀ kéré á fà díẹ̀, ìyẹn ni wọn ò ṣe dọ́gba. Ẹ rán ojú sí ínǹṣì 13, kí fíbà àti aṣọ ẹ̀yìn jẹ́ 14. Bí ìlà yín bá sún mọ́ra ju ínǹṣì kan lọ, ẹ jẹ́ kí ojú jẹ́ 13½. Àjákù tó wà létí ni kí ẹ gé tóbi fún ààyè yẹn, torí òun ni ẹ máa pàdánù. Ìgbà tí ìlà bá parí ni kí ẹ tó gé gbogbo wọn sí 12½, pẹ̀lú páálí líle kan ṣoṣo. Ẹ wọn páálí náà láti igun sí igun lọ́nà méjèèjì. Bí wọn ò bá bára mu, páálí náà wọ́, gbogbo búlọ́ọ̀kù ló sì máa wọ́ tẹ̀lé e. Kí ẹnikẹ́ni má fi táìlì ilẹ̀ wọ̀n ọ́n o: èyí tí wọ́n ń pè ní 12 sí 12, sẹ̀ǹtímítà 30 ni, kò pé ínǹṣì 12 rárá.

Aṣọ ẹ̀yìn ń kó jọ torí pé ó dẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ojú rẹ̀ kọ ilẹ̀, ẹ fi sẹ́lótéèpù mú etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó nà, àmọ́ ẹ má fà á gbọọrọ. Kó fíbà lé e, kó ojú lé fíbà, kí ẹ wá fi píìnì ọmọ ìkókó 9 dè é: ìlà mẹ́ta, mẹ́ta-mẹ́ta.

Ti máṣínnì wá ńkọ́? Eyín rẹ̀ ń fa aṣọ ìsàlẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ sì ń tẹ tòkè mọ́lẹ̀, nítorí náà tòkè ń fà sẹ́yìn. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹsẹ̀ arìn (èyí tó ń fa aṣọ òkè lọ pẹ̀lú tìsàlẹ̀), ẹ dín agbára tí ẹsẹ̀ fi ń tẹ aṣọ kù: bóòtù orí máṣínnì tó wà lókè ọ̀pá ẹsẹ̀ ni kí ẹ tú díẹ̀díẹ̀, títí aṣọ á fi máa rìn geere. Ẹ mú ojú òwú gùn, ojú 7 tàbí 8 nínú ínǹṣì kan. Ìlà àárín ni ẹ ó kọ́kọ́ rán, kí ẹ tó máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo ìlà sì bẹ̀rẹ̀ láti etí kan náà. Bí èyí bá lọ tí èyí sì ń bọ̀, aṣọ àárín wọn á yí dà sí ìdábùú, kò sí áyọ́ọ̀nù tó máa mú un tẹ́.

Abẹ́rẹ́16

Ẹ má gé fíbà kúrò létí. Ìkojúsíra yẹn ló fa okùn, torí ìpele aṣọ mẹ́rin àti fíbà méjì ló kó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀já, ìyẹn ègé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, ni kí ẹ fi so wọ́n: ọ̀kan sí ojú, ọ̀kan sí ẹ̀yìn.

Ọ̀já ojú fẹ̀ ní ínǹṣì 1. Ọ̀já ẹ̀yìn fẹ̀ ní 1¾, ẹ ṣẹ́ ẹ po lóòró, ẹ lọ̀ ọ́. Kojú ọ̀já ojú sí ojú búlọ́ọ̀kù kìíní, gbé ọ̀já ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí etí tí ẹ gé bára mu, kí ẹ rán gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ¼ ínǹṣì. Lẹ́yìn náà, etí kejì ọ̀já ojú nìkan ni ẹ máa rán mọ́ búlọ́ọ̀kù kejì, ¼ náà ni. Ẹ ṣí i: etí fíbà méjèèjì á fẹnu kora lábẹ́ ọ̀já, ½ ínǹṣì gẹ́lẹ́. Ẹ wá yí ọ̀já ẹ̀yìn bo ojú rírán yẹn, kí ẹ fi ọwọ́ rán an mọ́lẹ̀.

Lórí ¼ yìí ni gbogbo nǹkan dá lé. Bí ẹ bá rán an ní ⅜, ọ̀já ojú á ku ¼, fíbà á gun ara wọn, okùn yẹn á sì padà wá. Bí kò bá pé ¼, àlàfo á wà láàárín, ọwọ́ á máa bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ lẹ téèpù mọ́ irin abẹ́ ẹsẹ̀, ¼ sí abẹ́rẹ́, kí ẹ máa fi etí aṣọ tọ̀ ọ́.

Ti abẹ́rẹ́: nọ́ńbà 14 fún ìlà, 16 fún ìsopọ̀. Bí ẹ bá ń fa aṣọ láti ẹ̀yìn, abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á gún irin, á ṣẹ́. Níbi igun, ẹ fi ọwọ́ yí àgbá máṣínnì.

AránṣọTáákíè

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè fi máṣínnì rán ọ̀já ẹ̀yìn náà? Ọ̀pá mélòó ni kí n rà?

ÌyáOnígbàátí (Ọ̀yọ́)

Ẹ lè fi máṣínnì rán an, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mi ò ti gbà pẹ̀lú Abẹ́rẹ́16. Ọ̀já 1¾ fi ⅛ péré kọjá ojú rírán, máṣínnì ò ní bá a. Ẹ gé e ní 2, á fi ¼ kọjá. Ẹ wá rán an láti ojú, nínú kòtò ojú rírán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀já ojú.

Búlọ́ọ̀kù 20 ò tó o. Mẹ́rin ní ìbú, márùn-ún ní òró, ìyẹn ínǹṣì 50 sí 62½. Bẹ́ẹ̀dì yín fúnra rẹ̀ jẹ́ 54 sí 72, kò tiẹ̀ ní bò ó. Mẹ́fà sí méje, 42, á fún yín ní 75 sí 87½, tí á wọ́ sílẹ̀ ní bíi ínǹṣì 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Fún aṣọ ẹ̀yìn, àǹkárá tó fẹ̀ ní ínǹṣì 45 á gba ègé onínṣì 14 mẹ́ta ní ìbú, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ni ẹ máa gé mẹ́ta-mẹ́ta bẹ́ẹ̀: ọ̀pá 5½, torí náà bọ́ńdù kan tó jẹ́ ọ̀pá 6 ti tó. Ọ̀já méjèèjì pẹ̀lú ìgbátí (ọ̀já tó máa yí etí kúbùsù ká) onínṣì 2½, ọ̀pá 3. Ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Àdìrẹ àti pupa, ẹ fi omi ṣàn wọ́n títí omi á fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ funfun ẹ̀gbẹ́ wọn á mu ún. Aṣọ òkè ń tú létí, ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́ọ̀mù sitéè (aṣọ ẹlẹ́gọ̀ọ́mù) sẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tó ń rán ẹ̀kú egúngún nílùú yìí ti ń kó ègé lé ègé ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ fíbà. Tiwọn ò kàn ní òwú láàárín.

OnímáṣínnìAkẹ̀sán

Mo gbà fún 2 yẹn. Nǹkan kan ṣẹ́kù: polyester ni fíbà, iná ń yọ́ ọ. Bí áyọ́ọ̀nù eléèédú lẹ ń lò, ẹ dán an wò lórí àjákù fíbà kan ná, ẹ má sì fi sórí etí búlọ́ọ̀kù tí fíbà rẹ̀ ti yọ jáde.