Ọrùn ń ro mí, oorun ò wá: ṣé wàhálà ọ̀nà Èkó ló fà á?

Ìyá Ìbejì, Mówé:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Aago 4:30 ìdájí ni mo ń kúrò nílé kí n lè dé ibi iṣẹ́ ní Victoria Island ní aago 8. Tí mo bá fi máa délé, aago 9 alẹ́ ti lù. Ọdún kẹta rèé. Láti bí oṣù 4, ọrùn ń ro mí, inú ń ta mí, nǹkan oṣù mi ò dé lásìkò mọ́. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ojú mi á là títí àkùkọ á fi kọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníkẹ́míìsì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi: 152/96, ó ga. Ọmọ ọdún 37 ni mí! Ìyá mi ní ọwọ́ ayé ni. Èmi ò gbà. Ṣé wàhálà ọ̀nà lè ṣe èèyàn báyìí?

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó lè pa kún un gan-an. Nǹkan kékeré kan wà lórí kíndìnrín wa kọ̀ọ̀kan tó máa ń tú adrenaline àti cortisol, èròjà tó ń múra ara sílẹ̀ de ewu, sínú ẹ̀jẹ̀ tí ara bá ti fura sí ewu. Àyà á máa lù kìkì, òpó ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀dọ̀ á da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè sáré. Tí ajá bá ń lé yín, ìyẹn wúlò: ẹ sá, ó parí. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ojoojúmọ́ kì í parí. Ó yẹ kí cortisol lọ sílẹ̀ lálẹ́ kí oorun lè wá. Tiyín ò ráyè lọ sílẹ̀.

Ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 kí wọ́n tó wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ sọ ti nǹkan oṣù náà fún dókítà, torí ó lè ní ìdí mìíràn. Kí lẹ ń jẹ lọ́nà?

Ìyá Ìbejì, Mówé:
Obì, kí n má baà sùn nínú ọkọ̀. Mo tún ń mu kọfí ife méjì níbi iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Abẹ́òkúta:
Háà! Káféènì ló wà nínú méjèèjì. Ó ń lé oorun, ó sì lè ti ìfúnpá sókè. Ẹ jọ̀ọ́, tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ ń wa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí oorun gbé yín nínú rẹ̀.

Bàbá Awakọ̀:
Mo wa danfo láti Ọ̀jọ́ta sí CMS fún ọdún 11, èmi náà ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyàwó mi ló kọ́ mi: tí ọkọ̀ bá dúró, mo máa ń fa èémí sínú nímú, ma ka 4, ma tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ma ka 6. Ìgbà 10. Èjìká mi á wálẹ̀. Mo tún ń fi fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀ tí mo bá fẹ́ sùn. Àmọ́ mo ṣì ń lo oògùn mi o, ọmọ mi.

Ìyá Ìbejì, Mówé:
Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ lónìí. Ó gbà kí n máa ṣiṣẹ́ láti ilé ní Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ẹtì ni mò ń lọ sí ọsibítù. Màá wá sọ iye tí wọ́n bá rí.