Ọdún Tí Ẹja Wa Lọ Sóde Tí Wọn Kò Pè É Sí

Bàbá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Gbogbo ìtàn aṣọ ẹbí àti ti télọ̀ tí ẹ ti ń sọ lójú ìwé ayélujára wa yìí láti àná ni mo ń kà, mo ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ẹ kò tíì rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ n sọ ti ilé wa lọ́dún 2024. Ìyàwó mi náà máa ń ka ibí yìí. Ibi tí mo bá ti bu iyọ̀ sí i, kó foríjì mí.

Ẹja yíyan ni ìyàwó mi ń tà. Á ra àrọ̀ tútù lọ́jà Olúwo láàárọ̀, á yan án lẹ́yìnkùlé wa lórí àgbá tí a là sí méjì. Ìyẹn ni kò fi sí òde kankan nínú ẹbí, yálà tèmi tàbí tirẹ̀, tí wọn kì í kọ́kọ́ pè é kí wọ́n tó pe alásè. "Ìyàwó wa, ẹja ńkọ́?" Iye ẹbí ni wọ́n sì máa ń san. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń jẹ́ iye ẹbí.

Nígbà tí ọdún wọlé, a mú ìwé kan nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, a kọ gbogbo òde tó ti dé etí wa síbẹ̀. Ìsọmọlórúkọ méjì, ìgbéyàwó mẹ́rin, ìṣílé kan, fídáù kan, àti ti ìyá mi tí yóò pé ẹni 70 ọdún ní oṣù Kọkànlá. Mẹ́sàn-án péré! Mo fa ilà, mo fi owó aṣọ sápá kan, mo fi owó tí a ó ná fún wọn sápá kejì. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní kí n fa ilà kẹta. Mo ní ti kí ni. Ó ní kí n ṣáà fà á, màá rí i.

Ààwẹ̀ dé ní oṣù Kẹta, òde dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ń gbé láàárín Mùsùlùmí bíi tiwa mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Gbogbo ẹni tó ti ń dúró láti so yìgì á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin la túnu. Nígbà tó fi máa di Sátidé ọjọ́ 27, kò sí àdúgbò tí èèyàn máa gbà tí kánópì ò ní dí i lọ́nà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ń gbé ìyàwó lọ́jọ́ náà, ní Òkè-Bálógun. Páálí ẹja méjì ni, ogójì ẹja nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó mi ní kí n gbé e lọ fún àwọn alásè, pé òun fẹ́ lọ jókòó ti télọ̀ títí yóò fi yọ aṣọ òun. Mo gbé ẹja, mo lọ. Àṣé òde méjì ló wà ní àdúgbò yẹn lọ́jọ́ náà. Kánópì lókè, kánópì nísàlẹ̀. Àwọn tòkè wọ búlúù, àwọn tìsàlẹ̀ wọ búlúù. Mo dé ibi tí mo kọ́kọ́ rí, àwọn ìyá tó ń gé àlùbọ́sà pariwo: "Ẹja mà ti dé o!" Ọ̀kan bi mí pé ta ló fi rán mi. Mo ní, "Ẹbí ni." Ìdáhùn yẹn ló pa mí. Wọ́n gba páálí lórí mi, wọ́n fún mi lómi, wọ́n gbé àga fún mi. Mo pe ìyàwó mi, mo ní mo ti gbé e dé. N kò purọ́. Mo gbé e dé ibì kan.

Ó tó nǹkan bí aago kan, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ síwájú mi. Odidi àrọ̀ kan ká jọ sórí rẹ̀, ó fi ẹnu há ìrù ara rẹ̀, igi ìgbálẹ̀ méjì ló sì gún un pọ̀. Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí. Ẹyọ igi kan ni àwọn aláẹja tó kù ń lò. Ìyàwó mi nìkan ni mo mọ̀ tó ń lo méjì, ó ní ẹyọ kan máa ń ṣẹ́ bí ẹja bá gbẹ tán. Èmi gan-an ni mo máa ń jókòó lálaalẹ́ tí mo ń ṣẹ́ igi yẹn. Mo yọ igi kìíní, mo gbé e sétí àwo. Mo yọ ìkejì, mo gbé e tì í. Mo bu ẹja náà jẹ. Mo wá yíjú sí bàbá tó jókòó tì mí, mo ní, "Ẹja yìí mà dùn o. Ó jọ ti ìyàwó mi."

Bàbá ní, "Ọlọ́run á bá ọ dá ìyàwó rẹ sí."

Mo ní, "Àmín."

Fóònù mi dún. "Bàbá Ìbejì, níbo lẹ wà?" Mo ní mo wà lóde. Ó ní, "Òde wo?" Mo gbójú sókè. Ìyàwó ń jó bọ̀ láàárín agbo, wọ́n ń ná an lówó. N kò rí ọmọ náà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

N kò ní sọ èyí tó kù tán. Ó ṣẹ́ ku páálí kan tí wọn ò tíì tú. Mo gbé e lérí, mo gba ẹ̀yìn ilé jáde.

Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà. Àgbò kò já, okùn kò já, mo dúpẹ́. Káyòkáyò, ọdún àwa ará Èkó-Ẹ̀pẹ́, ló tún dá tiwa sílẹ̀. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni mí, àwọn baba wa ló bá Ọba Kòsọ́kọ́ wá ní 1851 nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé e kúrò l'Ékòó. Kòsọ́kọ́ padà sílé ní 1862, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èrò ẹ̀yìn rẹ̀ ló bá a padà. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣọdún, tí à ń jẹ tí à ń yó. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, àwọn tí a bá nílẹ̀, sì ni ìyàwó mi. Lọ́dọọdún ló máa ń bú mi pé àlejò ni wá, pé a wá jẹun, a gbàgbé láti lọ. Lọ́dún náà, èèyàn mọ́kànlélógún ló sùn sínú yàrá mẹ́ta wa. Nígbà tí ilẹ̀ kún, àbúrò mi kan lọ sùn sínú ọkọ̀ mi, ó tan iná inú rẹ̀, ó sì fi sílẹ̀ mọ́jú. Bátìrì kú. Mo ra òmíràn.

Ọkọ̀ yẹn náà la gbé lọ sí Àgbádárìgì. Àwọn ìbejì ti wà nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n, tíṣà wọn sì ti sọ fún wọn nípa ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó wà níbẹ̀, wọn ò jẹ́ ká gbádùn. A fẹ́ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ, ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, epo sì wọ́n bí ojú. A dúró títí di ọ̀sẹ̀ kẹta. A kírun Àsùbáà tán, a gba Ìtóìkín jáde sí Ìkòròdú, a bọ́ sí Òṣòdì, Mile 2. A ń sún mọ́ Agbárá ni omi rẹ́dítọ̀ hó. Èéfín bo wa lójú. A ra odidi àpò omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń kiri, èmi àtàwọn ọmọ ń fi eyín já a níkọ̀ọ̀kan, à ń dà á sí i.

Bí a ṣe dé iwájú ilé alájà náà, Kẹ́hìndé ní, "Ṣé èyí náà ni?" Mo bá a wí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn tèmi náà nìyẹn. Ilé náà kò tóbi. 1845 ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn míṣọ́nnárì ló gbé inú rẹ̀, Àjàyí Crowther sì jókòó níbẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Nígbà tí mo gba àtẹ̀gùn gòkè, tí pákó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ojú tí mo fi ń wò ó yí padà.

A wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gberefu. Omi ru díẹ̀. Mo di nǹkan mú.

Kànga kan wà lójú ọ̀nà níbẹ̀. Afinimọ̀nà ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá, kí wọ́n tó kó wọn dé etí òkun. Ìyàwó mi ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún òun, kí òun lè fi gbàgbé gbèsè aṣọ ẹbí. A rẹ́rìn-ín. Afinimọ̀nà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí a fi dákẹ́, ó wá ní ká máa lọ. Iyanrìn ni gbogbo ọ̀nà yẹn, ó sì gùn. Táíwò bi mí pé ṣé wọ́n wá gbàgbé lóòótọ́. Mo ní kó máa wo ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ ìbí ìyá mi. Ó lọ dáadáa, àyàfi ti télọ̀ tó gbé ṣòkòtò ẹlòmíràn fún mi. Ṣòkòtò náà kò dé ibi tó yẹ kó dé. Mo fi agbádá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, n kò jó.

Ó tán. Ẹni tó bá kàn, kó sọ tirẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́

Ẹ má tíì bọ́ síwájú o. Èmi ni ìyàwó wọn. Wọ́n ti sọ tiwọn, ó ku ibi tí wọ́n fò.

Mo sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹja lọ pé kí wọ́n kọjá mọ́sálásí kí wọ́n tó yà. Wọn ò kọjá mọ́sálásí kankan. Nígbà tí mo sì pàdé wọn lójú ọ̀nà, lóòótọ́ ni páálí wà lórí wọn, ṣùgbọ́n láílọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ wọn, ìkọ́kọrẹ́ kejì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kó ṣòfò.

Wọn ò sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ìyá tó ni òde yẹn wá mi wá. Àwọn alásè ló sọ fún un pé ẹja ju iye tí òun rà lọ, ó wádìí wádìí títí ó fi gbọ́ orúkọ mi. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́yìnkùlé mi, ó bèèrè iye, ó ka owó náà pé sọ́wọ́ mi, kò yọ náírà kan. Ó ṣì ń ra ẹja lọ́wọ́ mi di òní. Ti páálí kejì, tí ẹbí gbà, wọ́n ṣì jẹ mí ní ìdajì owó. Wọ́n mọ ara wọn.

Ti rẹ́dítọ̀, Ìmọ́ta ni mo ti rí èéfín. Mo sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní ìrì òwúrọ̀ ni. Ní Ìkòròdú mo tún sọ, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn wa ọkọ̀. Ìrì wá bá wa dé Agbárá.

"Mo di nǹkan mú." Ẹ̀yin ará, èmi ni nǹkan náà. Bàbá bàbá ọkọ mi, apẹja ni. Bàbá wọn, apẹja ni. Àwọn gan-an kò mọ omi í wẹ̀, ìgbàkígbà tí ọkọ̀ yẹn bá sì ti rọ́ sápá kan, gèlè mi ni wọ́n ń fà. Yá Látífù, Yá Látífù, wọn ò dákẹ́ títí a fi dé òdìkejì. Gèlè aṣọ ẹbí oṣù Kẹrin tí mo rà bọ́ sínú ọ̀sà. Ọlọ́kọ̀ bi mí ní ìlú tí a ti wá. Mo ní Ẹ̀pẹ́. Ó wo ọkọ mi, ó ní, "Ẹ̀pẹ́ ẹlẹ́ja?"

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi kànga yẹn, ó ṣì ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n ń ya àwọn ọmọ ní fọ́tò létí òkun, mo lọ bá afinimọ̀nà náà, mo kúnlẹ̀, mo ní kó má bínú. Ó ní kí n dìde. Ó ní èèyàn púpọ̀ ló máa ń dápàárá níbẹ̀, pé ẹni tó bá bú sẹ́kún gan-an, òun kì í mọ ohun tí òun máa sọ fún un.

Ti ṣòkòtò oṣù Kọkànlá, orúkọ ọkọ mi ni télọ̀ rán sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn kankan. Oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti wọn ara wọn. Káyòkáyò ló wà láàárín.

Ilà kẹta tí mo ní kí wọ́n fà, mo kọ ọ́ kún ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún. Bátìrì, rẹ́dítọ̀, àpò omi, gèlè, owó ẹja tó wà lọ́wọ́ ẹbí, mátírẹ́ẹ̀sì tí ọmọ àlejò tọ̀ sí. Ó ju owó aṣọ lọ. Ìwé ọdún tuntun ti wà nílẹ̀ báyìí, òde méjìlá ló ti wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo fa ilà lọ́tẹ̀ yìí. Mẹ́rin ni.

Bàbá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́

Ìyá Ìbejì, mo ti rí i. Pálọ̀ ni mo wà, o lè wá sọ ìyókù fún mi níbí. Ẹja rẹ sì ń jóná lẹ́yìnkùlé.