Ogun Ilé Oúnjẹ Méjì Tí Ó Dojú Kọ Ara Wọn

Fíìmù tí èmi fẹ́ sọ ìrírí mi lé lórí ni The Hundred-Foot Journey, tí Lasse Hallström darí, tí ó sì jáde ní ọdún 2014. Èmi àti àbúrò mi obìnrin ni a jọ wò ó.

Ìdílé ará Íńdíà kan, tí àwọn jàǹdùkú dáná sun ilé oúnjẹ wọn ní Mumbai, tí ìyá wọn sì bá iná náà lọ, ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí ní Yúróòpù, ni búrèkì ọkọ̀ wọn bá daṣẹ́ sílẹ̀ nítòsí ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Baba wọn, tí Om Puri ṣe, fi oríkunkun ra ilé kan tí ó ti di ahoro níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé oúnjẹ Madame Mallory, tí Helen Mirren ṣe, wà ní òdìkejì títì, ní 100 ẹsẹ̀ bàtà péré sí tiwọn. Ìràwọ̀ Michelin kan, àmì ẹ̀yẹ tí ìwé atọ́nà Michelin ń fún àwọn ilé oúnjẹ tí ó dára jù, ni màdáámù ní, èkejì ni ó sì ń lé tọ̀sán tòru.

Ogun ọjà ni ó pa wá lẹ́rìn-ín jù. Màdáámù jí lọ sọ́jà, ó ra gbogbo èròjà tí àwọn àlejò yìí nílò fún ọbẹ̀ wọn, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún wọn. Baba náà kò gbà, òun náà gbẹ̀san, ni wọ́n bá ń gbé ẹjọ́ ara wọn lọ bá olórí ìlú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn kan dáná sí ilé àwọn àlejò náà, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra sára ògiri, Mallory fúnra rẹ̀ ni ó mú búrọ́ọ̀ṣì, tí ó ń fọ ògiri náà nínú òjò. Láti ibẹ̀ ni mo ti gba tirẹ̀. Hassan, ọmọ baba náà tí ó ń se oúnjẹ wọn, ti fi ọwọ́ jóná nínú ìkọlù náà, nítorí náà nígbà tí ó fẹ́ din ẹyin fún màdáámù, màdáámù ni ó ní láti fọ́ ẹyin, tí ó sì po ó bí ọmọ náà ṣe ń darí rẹ̀. Obìnrin tí gbogbo ilé ìdáná ń gbọ̀n fún wá ń gba àṣẹ lẹ́nu ọmọdé! Ìtọ́wò kan péré, ó ti mọ̀ pé ọwọ́ ọmọ náà kì í ṣe ọwọ́ lásán. Àbúrò mi dá fíìmù náà padà sẹ́yìn kí a lè tún un wò.

Apá Paris, níbi tí Hassan ti di gbajúmọ̀, ni kò dùn mọ́ mi tó ìyókù, nítorí pé kò sí alátakò tí yóò máa yọjú láti òdìkejì títì mọ́. Àbúrò mi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni a ti rí i pé oúnjẹ ilé ń wu ọmọ náà ju òkìkí lọ.