Bírékà họ́ọ̀tì tọ́ọ̀bù tó ń já: ẹ sọ tiyín

Ará Tánkẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jámánì ló fi họ́ọ̀tì tọ́ọ̀bù, agbada ńlá olómi gbígbóná tí èèyàn ń jókòó sínú rẹ̀, ránṣẹ́ sílé nínú kọ̀nténà. Wọ́n ní ọyẹ́ Ìlọrin máa ń wọ àwọn léegun tí wọ́n bá wálé ní Disẹ́ḿbà. Ọdún kìíní, kò sí wàhálà. Ọdún kejì, a tan án, omi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ̀, ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pá! Bírékà wálẹ̀. A gbé e padà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pá!

Oníná àdúgbò wa ní bírékà ámpù 32 yẹn (ámpù ni wọ́n fi ń wọn iná tó ń kọjá) ti kéré jù. Ó yọ ọ́, ó lọ ra ti ámpù 63 ní Táíwò. Lóòótọ́ kò já mọ́. Èmi gan-an ti ń yìn ín kiri. Àfi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí ọmọ àbúrò mi ki ọwọ́ bọ omi, tó fò sẹ́yìn, tó ń ké pé, "Omi yìí ń gbé mi o!"

Ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. Mo sáré lọ pe Bàbá kan ní Gàá-Akanbí, wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ iná. Bírékà àtijọ́ tí a jù sí igun ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Wọ́n fi bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n kọ T sí hàn mí. Irú bírékà yìí ń wọn iná tó lọ àti èyí tó padà. Bí iná díẹ̀, ìwọ̀n mílíámpù 30, bá sọnù lọ́nà, á já a. Èyí tí oníná wa rà, tí iná ò bá tíì pọ̀ jù fún wáyà, kò kàn án bóyá ó ń gba ara èèyàn kọjá. Bàbá ní, "Ajá ń gbó, ẹ lé ajá jáde nílé. Olè ńkọ́?"

Wọ́n dá tàtijọ́ padà, wọ́n wá ń tú wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tú ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó ṣì já. Wọ́n dá a padà, wọ́n tú híta: tọ́ọ̀bù ṣiṣẹ́ di alẹ́, omi tútù ni ṣáá. Nígbà tí wọ́n yọ irin híta náà, nǹkan funfun láti inú omi bóhò wa ti bò ó bí ẹfun, ó sì sán lábẹ́ rẹ̀, bí fọ́nrán irun. Tó bá tutù, ojú rẹ̀ á pa dé. Tó bá gbóná, á là, iná á máa jò sínú omi. Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì, irin tí a rì mọ́lẹ̀ kí iná tó bá jò lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀, náà ò ràn wá lọ́wọ́, ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀ ibẹ̀ kángbẹ́.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Híta tiwa ò ní nǹkan kan. Ilé àlejò ni mo ń bójú tó, aago méje ìrọ̀lẹ́ gééré ni bírékà máa ń wálẹ̀. Mẹ́gáàdì ti ní kí a lọ wádìí lọ́dọ̀ Àlùfáà. Oníná mẹ́ta lọ, mẹ́ta bọ̀. Ọjọ́ kan ni mo jókòó tì í, mo rí i pé bí iná ìta tó ń dá tan ara rẹ̀ bá ṣe ń tàn báyìí ni bírékà ń já. Ẹni tó so iná ìta ló yá níútíràlì tọ́ọ̀bù, wáyà tí iná ń gbà padà, lò! Iná tí kò gba ibẹ̀ lọ ń gba ibẹ̀ padà, ìṣirò bírékà ò ṣe déédéé mọ́. Wáyà kan péré la tú.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán:
Ọmọńlé gbígbẹ la bá nínú àpótí iná tiwa. Ó ti jóná mọ́ ibẹ̀. Ará Tánkẹ̀, ṣé ọmọ yẹn ò fara pa?

Ará Tánkẹ̀:
Rárá o, Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé. A ti ra híta tuntun, a sì gbẹ́lẹ̀ ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì sí i. Bàbá ní kí n máa tẹ bọ́tìnì T yẹn lóṣooṣù. Mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, ó wálẹ̀ dáadáa. Màmá wa ṣì ń gbé omi kaná, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń wẹ̀.