Wọ́n ní kí n sáìnì ọ́fíìsì ọdún márùn-ún ní Leiden, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Netherlands níbí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní máàtì àti físíìsì lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde iléèwé, bijles tí wọ́n ń pè é, ó ti pé ọdún mẹ́ta, orí tábìlì oúnjẹ wa ni gbogbo ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ mẹ́ta la fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di mọ́kànlá, ilé Leiden tó dà bíi páálí ìṣáná yìí ò sì gbà wá mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọ̀kan nínú wọn ń ṣe ìṣirò vector lọ́wọ́ ni ọkọ mi da ata sínú epo gbígbóná, gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ọmọ òyìnbó yẹn ní ṣé ilé ń jó ni. Kẹ̀kẹ́ wọn ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni wọ́n ń tò ó sí, màmá ti kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ lẹ́tà òyìnbó, ẹlẹ́ẹ̀kẹta kì í jẹ́ jẹ́jẹ́ mọ́.

Mo bá ní kí n wá yàrá kan. Ìlú tí yunifásítì ti wà láti 1575, gbogbo kọ̀rọ̀ ló ti ní akẹ́kọ̀ọ́ nínú, ẹ̀yìn stéṣọ̀n lọ́hùn-ún ní Bio Science Park, àwọn oníṣẹ́ lábù ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Mo ṣáà rí ọ̀kan, 34 m², nínú ilé tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ jọ ń lò. Wọ́n kọ €165 síbẹ̀, mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí n tó rí i pé m² kan ni. Mo fi 34 lù ú, ó di €5,610! Ṣé oṣù kan nìyẹn ni àbí kí ló dé? Wọ́n tún fi servicekosten (owó àbójútó ilé) €55 lórí m² kan lé e, "excl. BTW" (ìyẹn ni pé VAT ò tíì sí nínú ẹ̀), owó ìdúró oṣù mẹ́ta, ọdún 5. Makelaar, ejẹ́ńtì ilé yẹn, ní ẹlòmíì ń fẹ́ ẹ, kí n sáìnì kó tó di Friday. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Utrecht: Ẹ mí kanlẹ̀ ná, ọdún kan nìyẹn o, kì í ṣe oṣù 😂 Owó ọ́fíìsì níbí, m² kan lọ́dún kan ni wọ́n máa ń kọ, èmi náà sá nígbà àkọ́kọ́. €5,610 tẹ́ ẹ bá pín in sí 12, €467.50. Servicekosten yín €1,870 lọ́dún, ìyẹn bíi €155.83 lóṣù. Lápapọ̀ €623.33. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú servicekosten yẹn (iná, híìtà, ẹni tó ń nu kọ́rídọ̀) àti bóyá wọ́n máa ń ṣírò ẹ̀ padà lópin ọdún. Ẹ mú tépù dání tẹ́ ẹ bá ń lọ, torí 34 yẹn lè ní ìpín kọ́rídọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, bí wọ́n ṣe ń wọn VVO (ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ń gbowó lé lórí) nìyẹn, yàrá fúnra ẹ̀ lè má ju 28 lọ.

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò-owó, Rotterdam: Àbúrò, ibi tí wàhálà wà kọ́ lẹ ń wò yẹn. BTW ni kẹ́ ẹ wò. Ṣé o máa ń fi BTW sórí owó tí àwọn òbí ń san?

Olùbéèrè: Rárá sà, wọ́n ní bijles tó bá tẹ̀ lé ohun tí wọ́n ń kọ́ ní iléèwé ò ní BTW.

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò-owó, Rotterdam: Ó dáa. Owó ilé náà ò ní BTW nínú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àfi tí ìwọ àti lánlọ́ọ̀dù bá jọ yàn án pé kó ní, ẹ ò sì lè yàn án àyàfi tí iṣẹ́ tí ò ń ṣe nínú yàrá yẹn bá jẹ́ oní-BTW dé ìdá 90 nínú 100. Tìẹ ò dé ìdá kan. Tí wọ́n bá gbé 21% lé €623.33, ó di €754.23, ẹlòmíì tí iṣẹ́ tiẹ̀ ní BTW á gba tiẹ̀ padà lọ́wọ́ Belastingdienst (àwọn agbowó orí), ìwọ ò ní gba kọ́bọ̀. Èyí tó burú jù ni pé nínú àgírímẹ́ǹtì ROZ, fọ́ọ̀mù àdéhùn ilé tí ọ̀pọ̀ lánlọ́ọ̀dù ń lò, tó o bá sọ pé o kún ojú òṣùwọ̀n, tí wọ́n wá rí i pé o ò kún un, gbogbo ohun tí lánlọ́ọ̀dù bá pàdánù, ọrùn ẹ ló ń bọ̀.

Olùbéèrè: Yéè! Fọ́ọ̀mù tí makelaar fi ránṣẹ́ ní ibì kan tí mo máa máàkì pé iṣẹ́ mi ní BTW. Ó ní gbogbo èèyàn ló ń máàkì ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Aṣírò-owó, Rotterdam: Má fọwọ́ kàn án. Lánlọ́ọ̀dù ló gbé makelaar yẹn síṣẹ́, kì í ṣe ìwọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Groningen: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Mo gba ọ́fíìsì ọdún 5, mo rò pé bíi ti Ìbàdàn ni, pé tó bá ku oṣù mélòó kan màá sọ fún lánlọ́ọ̀dù pé mò ń lọ. Wọ́n ti kọ ọ́ pé ọdún kan gbáko ṣáájú ni kí n fún wọn ní nótíìsì, mi ò kà á dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ sọ fún un, bàbá yẹn kàn rẹ́rìn-ín, ó bu kọfí sí kọ́ọ̀bù fún mi, ó ní ọdún 5 míì ti wọlé. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi ń san owó yàrá tí kò sẹ́nì kankan nínú ẹ̀ kí n tó rí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Kápẹ́ẹ̀tì tí mo fowó mi tẹ́ síbẹ̀ ńkọ́, wọ́n ní kí n ká a kúrò. Ẹ bẹ̀ wọ́n fún ọdún kan, tàbí méjì tẹ́ ẹ lè jáde láàárín. Ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ ni òfin dáàbò bò dáadáa níbí, ọdún 5, kí wọ́n tún fi 5 lé e. Ọ́fíìsì, ohun tẹ́ ẹ bá jọ sọ ni abẹ gé. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kó jáde, ẹ lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n fún yín láyè, ọdún kan kan, kò ní ju mẹ́ta lọ lápapọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ tètè béèrè, láàárín oṣù méjì.

Àbúrò Delft: Àǹtí, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní Omgevingsloket (ìkànnì ìjọba fún ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀) bóyá gemeente, ìjọba ìbílẹ̀, gbà kí wọ́n máa kọ́ ọmọ níbẹ̀. Kantoor (ọ́fíìsì) yàtọ̀ sí onderwijs (ẹ̀kọ́). Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ "bijles" gangan sínú àgírímẹ́ǹtì.

Ìyá Ìbejì, Utrecht: Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni àwọn ọmọ ń dé, wọn ò kọjá mẹ́jọ alẹ́. Láàárọ̀, ta ló ń jókòó sí yàrá yẹn? Ẹ lọ gba buurthuis (gbọ̀ngàn àdúgbò) ní dagdeel, ìyẹn ààbọ̀ ọjọ́, ọ̀sán méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Groningen: Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí o, Ìyá Ìbejì. Ojoojúmọ́ lẹ ó máa ru pátákó lọ ru pátákó bọ̀, lọ́jọ́ kan wọ́n ń ta bingo ní yàrá kejì, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ni ọmọ ń kọ sínú ìṣirò.

Olùbéèrè: 😂😂 Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti pe makelaar, mo ní iṣẹ́ mi ò ní BTW. Ó dákẹ́ lọ, mo rò pé fóònù ti já. Lọ́jọ́ kejì ló pè padà pé lánlọ́ọ̀dù gbà láì sí BTW, ṣùgbọ́n m² ti di €185. Mo ṣírò ẹ̀, pẹ̀lú servicekosten €680 ni lóṣù, ó ṣì dín sí €754 yẹn. Mo ní ọdún méjì ni mo fẹ́, ó ní òun máa béèrè. Ẹni kejì tó ń fẹ́ yàrá yẹn, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́ o. Thursday ni mò ń lọ wọn ibẹ̀ pẹ̀lú tépù, mi ò tíì sáìnì nǹkan kan. Kí màmá ẹnu ọ̀nà lè sinmi, mo ti gba buurthuis fún Monday àti Wednesday títí di ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ní pátákó ìkọ̀wé tó ní táyà lẹ́sẹ̀ tó fẹ́ tà, kó jọ̀ọ́ kọ sí mi.